Kíláàsì ọmọ 62: iṣẹ́ wo ló lè gba ọwọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

TíṣàÀárọ̀ kọ pé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọmọ 62, mẹ́ta-mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì kan, pátákó kan, iná mànàmáná kò sí. Àbá tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, tábúlẹ́ẹ̀tì àti páálí aláwọ̀ mèremère ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì rò pé ọmọ 20 ló wà nínú kíláàsì. Tí a bá pe ọmọ kan wá síwájú pátákó, àwọn 61 yòókù á máa wòran. Kí la lè ṣe tí ọwọ́ gbogbo wọn á dí pọ̀, tí kò sì ní náni lówó? Ìṣirò ló ká mi lára jù, àmọ́ ẹ mẹ́nu ba jẹ́léósinmi àti sẹ́kọ́ńdìrì náà, torí olùkọ́ ibẹ̀ wà níbí.

Ọpọ́nAyò dáhùn pé:
Ẹ gbé ayò wọ kíláàsì. Ẹ má wá ọpọ́n onígi kiri. Kíréètì ẹyin, èyí tó ń gba ẹyin 30, ihò mẹ́fà ló wà ní gígùn rẹ̀, márùn-ún ní ìbú. Ìlà méjì tí ìkọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́fà, ọpọ́n kan nìyẹn. Ẹ fi ọ̀bẹ là á, kíréètì kan á di ọpọ́n méjì, ìlà kan á sì ṣẹ́ kù. Ẹ gé ìlà tó kù yẹn sí méjì, kí wọ́n máa kó èyí tí wọ́n bá jẹ sínú rẹ̀.

Ẹ má pín wọn ní méjì-méjì. Ọmọ 62 á gba ọpọ́n 31 àti ọmọ ayò 1,488. Ta ni yóò kà á? Mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ẹ pín wọn: méjì ń ta, méjì ń ṣe akọ̀wé, wọ́n á gbapò ara wọn tí ọwọ́ kan bá parí. Ẹgbẹ́ 14 á ní ọmọ mẹ́rin, ẹgbẹ́ 2 á ní mẹ́ta. Ọpọ́n 16 nìyẹn, kíréètì 8, ọmọ ayò 768. Òkúta wẹ́wẹ́ dára, èkùrọ́ tí a kò tíì pa náà dára. Kó má ṣáà tóbi ju orí ìka lọ. Ihò kíréètì kò jìn: tí ọmọ ayò bá di mẹ́wàá nínú ihò kan, òkúta ńlá á yí bọ́ sí ihò kejì, ìjà dé nìyẹn.

Òfin rẹ̀ kò le. Mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12. Ẹni tó kàn á kó gbogbo ohun tó wà nínú ihò kan ní apá tirẹ̀, á máa jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, yípo. Tí èyí tó jù kẹ́yìn bá sọ ihò ẹnìkejì di 2 tàbí 3, ó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 25 ló pa ayò. Jíjẹ ihò bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fi sílẹ̀ fún kíláàsì karùn-ún.

Ọwọ́ akọ̀wé ni ìṣirò wà. Lẹ́yìn jíjẹ kọ̀ọ̀kan, á kọ ìlà kan: tìrẹ, tèmi, èyí tó kù lójú ọpọ́n, àpapọ̀ 48. Bíi 7 + 10 + 31 = 48. Tí kò bá pé 48, ọmọ ayò kan ti já bọ́, tàbí ó wà lápò ẹnì kan, tàbí akọ̀wé ṣi ìṣirò ṣe. Wọ́n á wá a fúnra wọn, kò dọ̀dọ̀ yín rárá. Ìṣirò ìròpọ̀ gan-an nìyẹn, àmọ́ kò sí ọmọ tó máa pè é bẹ́ẹ̀. Tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹni tó fẹ́ ta kọ́kọ́ tọ́ka sí ihò tí ọmọ ayò ìkẹyìn máa bọ́ sí kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ gbé eré tì, kí wọ́n pín 48 sí ọ̀nà 2, 3, 4, 6, 8 àti 12. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pín in sí 5. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ní 9, mẹ́ta á ṣẹ́ kù lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó ṣẹ́ kù yẹn, ẹ kò ní nílò àlàyé púpọ̀ mọ́.

Kíkọ́sẹ̀ kọ pé:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ariwo ńkọ́? Ọ̀gá ilé-ìwé á gbọ́ òkúta àti ẹ̀rín, á ní eré lẹ̀ ń ṣe. Ìṣẹ́jú 40 náà sì ń kọ́?

ÌyáÀlọ́ dáhùn pé:
Àkókò ṣáájú. Ìṣẹ́jú 5 fún pípín ọpọ́n, 25 fún títa, 10 fún kíkà padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń jẹ mọ́ eré. Agogo á lù, ọmọ á sá jáde, ẹ̀yin á máa ṣa òkúta nílẹ̀, ẹ kò sì ní gbé ayò jáde mọ́ títí ọdún á fi parí. Ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ jáde kó tó ka 48 sínú agolo rẹ̀.

Ariwo wàyí. Ẹ má pariwo pé "ẹ dákẹ́." Ohùn yín á kàn kún ti wọn ni. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pe "Ààlọ́ o!" Àwọn tó gbọ́ á dáhùn pé "Ààlọ̀!", wọ́n á sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ọwọ́ orí yẹn ló ṣe pàtàkì, torí ọmọ tó gbé ọwọ́ lé orí kò lè máa fi òkúta ṣeré. Ìpè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kíláàsì á ti parọ́rọ́. Nígbà náà ni kí ẹ pa àlọ́ kan, kúkúrú. Tí ẹ bá pè é tí ẹ kò pa àlọ́, wọ́n á rí i pé ẹ̀tàn ni, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fi kọ́ wọn ní ìpè yìí láìsí eré kankan lọ́wọ́, kí ó tó di pé ọpọ́n wọlé.

Àlọ́ tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí: *Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.* Ẹ̀wà ni. Láti ibẹ̀ ẹ lè bọ́ sínú sáyẹ́ǹsì tààrà. Ẹ fún bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà mẹ́ta tí a ti rẹ sómi di ọjọ́ kejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá tìróò lójú ẹ̀wà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀wà ti so mọ́ èèpo rẹ̀ nígbà tó wà lóko. Kí wọ́n bó awọ rẹ̀, kí wọ́n là á sí méjì, wọ́n á rí ọmọ ewé kékeré àti gbòǹgbò tó ká jọ sínú.

Olóko_Sáyẹ́ǹsì kọ pé:
Kí n tẹ̀ lé ti ìyá wa. Ẹ gbin ẹ̀wà sínú ife mẹ́rin. Èkíní ní omi àti ìmọ́lẹ̀. Èkejì kò ní omi rárá. Ẹ̀kẹta ní omi, àmọ́ ẹ dé páálí bò ó. Ẹ̀kẹrin, omi mu ún bámúbámú. Ẹ̀wà márùn-ún ni kí ó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan. Tí ẹyọ kan bá kú, ẹ kò ní mọ̀ bóyá omi ló pa á tàbí ó ti kú láti ọjà wá. Tí ó bá fi máa tó ọjọ́ márùn-ún, nǹkan á ti yọ.

Ohun tó ń da iṣẹ́ yìí rú: ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu ihò sí lára, àti ẹ̀wà àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán mẹ́wàá wò nílé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Tí kò bá tó méje tó hù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wà ọjà míì ní oògùn kòkòrò lára, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jù ú sẹ́nu.

Ife tí a dé páálí bò máa ń dá awuyewuye sílẹ̀: ìyẹn ló máa ga jù! Àwọn ọmọ á ní òkùnkùn ló dára fún ẹ̀wà. Ẹ má sáré ṣàtúnṣe. Ẹ ní kí wọ́n fi ewé rẹ̀ wé ti èkíní, kí wọ́n sì fọwọ́ kan igi rẹ̀. Ó funfun, ó rọ, ó ń nà wá ìmọ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ sí i, á wó lulẹ̀.

Ọpọ́nAyò:
Mo gbàgbé ohun kan lórí ayò. Tí ihò kan bá ní ọmọ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń jù ú á yípo dé ibi tó ti gbéra. Kí ó fo ihò yẹn, kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan kan sí i. Tí ẹ kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á pè yín wá ṣe adájọ́ ní gbogbo ẹgbẹ́ 16.

Màmá_Jẹ́lé:
Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ má gbé ẹ̀wà àti òkúta wọ̀nyẹn wá sọ́dọ̀ wa o. Ọmọ kékeré a máa ti ẹ̀wà bọ imú àti etí, ẹ̀wà náà á sì wú níbẹ̀. Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà kéré jù, ó lè há wọn lọ́fun. Ẹ wo páálí tí wọ́n ń ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́: ohunkóhun tó bá gba inú ihò rẹ̀ kọjá, kì í ṣe ti jẹ́léósinmi. Ìdérí ike bọ́tà, ìdérí garawa ọ̀dà, ike ìpara tó ti tán, ìwọ̀nyí ló yẹ wá.

Iṣẹ́: kó 30 irú rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, kí ọmọ mẹ́fà jókòó yí i ká, kí wọ́n ṣà á sọ́tọ̀. Ẹ má sọ fún wọn bóyá àwọ̀ ni tàbí ìwọ̀n. Ọmọ kan á kó pupa jọ, òmíràn á kó ńlá jọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé ìdérí ńlá tó pupa. Ìjà yẹn lẹ̀kọ́. Ẹ kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ló dé tí o fi gbé e síbí?"

Fún ìkọ̀wé, ẹ da iyanrìn tí a ti sẹ́ sínú ìdérí páálí, kó ga tó èékánná ìka, kí ẹ sì wọ́n omi díẹ̀ sí i kó má baà kù sójú. Wọ́n á fi ìka kọ *a*, wọ́n á mi páálí, á parẹ́. Tí iyanrìn bá pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ ìlà á máa ya lulẹ̀, lẹ́tà kò ní hàn.

TíṣàÀárọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ìbéèrè kan: ìwé ìṣirò wa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣé kí n fi Yorùbá darí ayò yìí?

GánganÀròyé:
Ẹ fi Yorùbá darí rẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ títí dé kíláàsì kẹfà, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò jó rẹ̀yìn nítorí rẹ̀. Ní tiyín, kí wọ́n fi Yorùbá ta á, kí akọ̀wé fi nọ́ńbà kọ ọ́, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìparí kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin tàbí márùn-ún sójú pátákó fún ohun tí ọwọ́ wọn ti ṣe tán.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀, torí àyọkúrò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹfun fa ìlà gígùn sí àgbàlá, láti òdo dé 60, kí àlàfo kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn mítà 18 lápapọ̀. Ẹ fi àwọ̀ mìíràn kọ 10, 20, 30, 40, 50 àti 60. Ẹ pe "mẹ́rìnlélógójì": ọmọ á sáré dé 40, á fò mẹ́rin síwájú. Ẹ pe "márùndínláàádọ́ta": á sáré dé 50, á fò márùn-ún padà sẹ́yìn. Níbí ni wọ́n ti ń ṣubú: wọ́n á dúró lórí 40, wọ́n á fò márùn-ún síwájú, wọ́n á sì dé 45 bákan náà. Ibi tí wọ́n dé tọ̀nà, ọ̀nà tí wọ́n gbà kò bá orúkọ mu. Ẹ má fi àmì "ó gbà" sí i. Ẹ bi í pé, "Níbo ni àádọ́ta wà nínú ohun tí o ṣe?" Ọmọ mẹ́fà lè wà lórí ìlà, àwọn tó kù á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé kó tó rí ẹni tó fò.

GánganÀròyé (lẹ́ẹ̀kan sí i):
Níwọ̀n ìgbà tí mo ti wọlé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àmì ohùn. *Dò re mí* tí wọ́n ń kọ lórin, ọmọ lè kọ ọ́ títí ọdún á fi yí, kó má mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ fi sára: ọwọ́ lórí fún mí, ọwọ́ láyà fún re, ọwọ́ lórí itan fún dò. Ẹ mú *ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀*. Ẹ má pè é o, ẹ fi imú kùn ún lásán, ẹnu ní pípadé. Kíláàsì á gbé ọwọ́ síbi tó yẹ, wọ́n á wá sọ bóyá ọkọ́ tí a fi ń ro oko ni tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó kọ àmì sójú pátákó. Nígbà tí wọ́n bá mọ mẹ́rin yìí, ẹ gbé *igba, igbá, ìgbà, igbà* wá, èyí tó kẹ́yìn náà ni okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro kò rí i rí, torí náà ẹ ya àwòrán rẹ̀.

Làábù_Aláìlówó:
JSS ni tèmi. Áàsìdì àti álíkálì láìsí làábù. Ẹ ra ewé zobo gbígbẹ, ìsápá pupa yẹn. Ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná ìdajì lítà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá fi omi là á títí ẹ ó fi rí ìka yín láti òdìkejì ife. Ṣíbí kan sínú ife tó mọ́ gaara, lẹ́yìn náà ẹ kán ohun tí ẹ fẹ́ dán wò sí i, bí ẹ̀kán mẹ́wàá: omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi iyọ̀, omi káún, omi eérú tí a sẹ́, omi ọṣẹ dúdú. Ọsàn, tó jẹ́ áàsìdì, á mú un pupa fòò. Omi iyọ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Káún àti eérú, tó jẹ́ álíkálì, á sọ ọ́ di àwọ̀ ewéko tàbí aró. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kó tó kán an.

Kíkọ́sẹ̀:
Ẹni kan dán èyí wò nílé-ìwé kejì sí wa, kò yí padà rárá. Zobo tí wọ́n ti pò tán sínú ìgò ni wọ́n fi ṣe é.

Làábù_Aláìlówó:
Ìyẹn gan-an ló fà á. Zobo títà ti ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú, nígbà mìíràn ọsàn pẹ̀lú, ó sì ki. Áàsìdì inú rẹ̀ á ti pa káún kékeré yẹn kó tó lè yí àwọ̀ padà. Kódà ewé zobo lásán kan díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń là á. Tí omi káún kò bá tíì yí i, ẹ fi kún káún, ẹ má fi kún zobo.

Lẹ́yìn tó bá ti di àwọ̀ ewéko, kí wọ́n kán ọsàn padà sí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ẹ̀kán. Á hó díẹ̀, atẹ́gùn inú káún ló ń jáde, á sì padà di pupa. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì wà nínú ife kan yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé omi bátìrì mọ́tò wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gbé omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, irú Jik, wá. Jik á kàn pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́ ni. Tí ó bá sì pàdé ọsàn, gáàsì olóró ló ń tú jáde.

Ìṣirò_SS:
Ti sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ní ṣókí: àwòrán àtẹ olóbìírí (pie chart), láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ mẹ́rin, ìṣẹ́jú 15, inú ọgbà ni kí wọ́n dúró sí, kì í ṣe etí títì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka irú ọkọ̀ kan ṣoṣo, torí tí gbogbo wọn bá ń ka gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ kan á di mẹ́rin. Ká ní iye rẹ̀ jẹ́ ọ̀kadà 36, kẹ̀kẹ́ Márúwá 18, dáńfó 12, ọkọ̀ akẹ́rù 6. Àpapọ̀ 72, ọkọ̀ kan á jẹ́ dígírì 5: 180, 90, 60, 30. Iye tiwọn kò ní pín 360 dọ́gba báyìí. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jiyàn lórí bí a ṣe ń sọ ọ́ di odidi tí gbogbo rẹ̀ ṣì máa pé 360.

Sátidé_Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tilé. Ilé-ìwé Yorùbá ọjọ́ Sátidé ní London, ọmọ mẹ́sàn-án, èyí tó kéré jù jẹ́ ọdún 5, àgbà wọn 14. Kíréètì ẹyin 30 kò pọ̀ níbí. Ṣé ọ̀nà àbáyọ wà? Kí sì ni ọmọ ọdún 5 àti 14 lè jọ ṣe?

ÌyáÀlọ́:
Páálí ẹyin mẹ́fà, ihò mẹ́ta ní ìlà méjì. Ẹ lẹ méjì pọ̀ lórí-lórí, ọpọ́n ayò pé nìyẹn.

Fún gbogbo ọjọ́ orí, ẹ ná ọjà. Àwọn kékeré ló ń tà, torí gbólóhùn wọn kò pọ̀. Àwọn ọdún 8 sí 10 ló ń rà. Àwọn àgbà ni agbowó-orí: ẹni tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jà, wọ́n á gba àádọ́ta náírà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Owó páálí, 10, 20, 50, 100 àti 200 nìkan. Kò sí títà láìkí: olùrà á kúnlẹ̀ tàbí á dọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé àgbà ni òǹtajà, á ní "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Ẹ fi dandan lé e kí wọ́n nájà lẹ́ẹ̀mẹta kí owó tó jáde: "Èló ni?" "Igba náírà." "Kò ha gba ọgọ́rùn-ún?" "Kò gbà." Lẹ́yìn náà kí wọ́n béèrè éènì. Ẹni tó bá gbàgbé éènì, kó padà sẹ́yìn ìlà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: tí ọjà bá tán lórí àtẹ kí gbogbo ènìyàn tó rà. Ẹ má gbé ju oríṣi ọjà mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mẹ́wàá.

TíṣàÀárọ̀:
Ẹ ṣeun, ẹ kú làákàyè. Agolo 16 fún ọmọ ayò, níbo la ó ti rí i, báwo la ó sì ṣe mọ̀ pé ó pé láìka 768 ní gbogbo ọ̀sẹ̀?

Ọpọ́nAyò:
Ike omi lítà kan àbọ̀ ni kí ẹ gé, kì í ṣe agolo, torí etí agolo á gé wọn lọ́wọ́. Ẹ fi abẹ́là yọ́ etí ike náà díẹ̀ kó má mú. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ sí i lára. Ẹ ka 48 sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ mì ín kó tẹ́jú, ẹ fi bírò fa ìlà síbi tó ga dé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tó bá lọ sílẹ̀ ju ìlà rẹ̀ lọ nìkan ni ẹ óò ní kí wọ́n kà. Ẹyọ kan kò ní hàn lójú ìlà, àmọ́ akọ̀wé á rí i ní àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, torí 48 rẹ̀ kò ní pé. Ẹ fi òkúta bíi 20 sílẹ̀ sórí tábìlì yín fún ìyẹn.